Wọ́n Ní Ká Wá Wo Èkó: Ẹjọ́ Àkìtàn Olúsosùn

Ọjọ́ tí apá àkọ́kọ́ ètò kan nípa Èkó jáde lórí BBC Two, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2010, London ni mo wà. Ìsọmọlórúkọ ọmọ àǹtí mi ló gbé mi lọ, ọjọ́ kejì gan-an ló sì yẹ kí n wọ bàálù padà sílé. Àmọ́ òkè oníná kan nílẹ̀ Iceland ti ń tu eérú sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ ti gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ní kí bàálù kankan má gbéra. Bí mo ṣe di ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ní Peckham nìyẹn, tí mò ń wo àkìtàn ẹ̀yìnkùlé wa lórí tẹlifíṣàn.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo wí, mi ò sọ àsọdùn. Kétu ni mo dàgbà sí. Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ sí Olúsosùn, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n sì ka ibẹ̀ sí nígbà náà. Ìlú ló rìn lọ bá ààtàn, kì í ṣe ààtàn ló wá bá ìlú. Kí a tó mojú kúrò, Ọjọ́ta ti yí i ká pátápátá: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, gáréèjì, ilé gbígbé, títí dé ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 100. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ láti ọ̀hún wá, màámi á ní ká pa fèrèsé dé. A ti mọ̀ ọ́n lóòórùn kí a tó mọ̀ ọ́n lójú, mi ò sì tẹ ibẹ̀ rí títí mo fi dàgbà. Ó di London kí n tó rí inú rẹ̀.

Welcome to Lagos ni wọ́n pe ètò náà, pé ẹ káàbọ̀ sí Èkó. Keo Films ló ṣe é fún BBC. Apá mẹ́ta ni, wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́sẹ̀. David Harewood, òṣèré aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń fi ohùn ṣàlàyé ohun tí à ń wò. Apá kìíní gbé wa gun orí ààtàn Olúsosùn, láàárín àwọn tó ń ṣa irin, ike àti náílọ́ọ̀nù. Apá kejì gba ojú omi lọ: Màkókò, níbi tí àwọn Ègùn kọ́lé sórí òpó nínú ọ̀sà, àti Òkobàbá ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Apá kẹta ni etíkun Kúrámò, ní Victoria Island, lẹ́yìn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, níbi tí àwọn èèyàn fi pákó àti tapólì kọ́ ilé sórí yanrìn tí kò sẹ́ni tó fún wọn.

Ká sọ òtítọ́, àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n dúró pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn náà, ó sì hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú apá kìíní tó ń ṣa irin, tó tún ń kọrin, Vocal Slender lorúkọ tó fi ń kọrin. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe àti ibi tó ń lọ. Mo rí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kedere, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí èmi ọmọ Kétu ò rí i rí: ọkọ̀ ilẹ̀ á fi ẹ̀yìn rìn gòkè, àwọn èèyàn á ti tò sí ìdí rẹ̀, tìkọ́tìkọ́ lọ́wọ́, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Bí pàǹtí bá ti ń já bọ́, ìkọ́ á ti wọlé. Kí ilẹ̀ tó balẹ̀, ọwọ́ ti mọ èyí tó jẹ́ bàbà, ti mọ èyí tó jẹ́ ike, láìjẹ́ pé ojú rí i tán. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n ṣe á kàn máa fa aṣọ àkísà jáde.

Bùọ̀dá tó fẹ́ àǹtí mi ti kọ́kọ́ fẹ́ wo nǹkan mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdìbò ń bọ̀, Gordon Brown, David Cameron àti Nick Clegg sì ń ṣe ìjíròrò lórí ITV. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣàn. Àǹtí mi ló gba rìmóòtù, ó ní Èkó làwọn máa wò. Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn dà, tí àwọn èèyàn rọ́ lù ú, Bùọ̀dá mi orí.

"Wọ́n tún ti dé," ó ní. "Nínú gbogbo Èkó, àkìtàn ni wọ́n rí."

Àǹtí mi ò dáhùn. Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ń wò. Ọmọ ìyá mi ni, mo mọ ìgbà tí inú rẹ̀ ò bá dùn.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé, ó ní ẹni tó jẹ́ ọ̀gá òun bi òun bóyá irú ibẹ̀ ni òun ti wá. Kò bi í tẹ̀gàntẹ̀gàn o. Ó fi ọwọ́ lé e léjìká ni, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

"Àánú yẹn gan-an ló dùn mí," ó ní. "Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá dá a lóhùn."

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí àǹtí mi ń ṣe nígbà náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé mi. Aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń jáde nílé. Á wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí àdúgbò àwọn báńkì ńláńlá, á tún ọ́fíìsì ṣe kí àwọn tó ni àga tó dé. Abẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní garawa kékeré tirẹ̀. Á yọ náílọ́ọ̀nù dúdú inú rẹ̀, á so ó lẹ́nu, á fi òmíràn rọ́pò, á wọ́ èyí tó ti kún lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ife kọfí, ìwé, oúnjẹ àná, nígbà míì bàtà tí nǹkan kan ò ṣe. Ó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí, aláwọ̀ búlúù, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ti ya níbi àtàǹpàkò. Mo fẹ́ yà á ní fọ́tò bó ṣe wọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́, ó bo ojú fóònù mi.

"Má gbé e délé o. Ṣé o gbọ́? Màámi ò gbọdọ̀ rí i."

Ohun tí màámi ń sọ fún àwọn ará Kétu ni pé ọ́fíìsì lọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́ ní London. Irọ́ kọ́. Mo wá bi àǹtí mi pé, tí BBC bá gbé kámẹ́rà wá bá yín láago mẹ́rin àárọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń yìn yín pé obìnrin yìí ò mọ àárẹ̀, ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láàárín ìdọ̀tí? Ó ronú sí i. Ó ní òun á bi wọ́n pé, ó dáa, ẹ ti yìn mí tán, ta ló fẹ́ fi owó kún owó mi?

Bàálù ti padà ń fò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ṣùgbọ́n èrò tó ti há sílẹ̀ pọ̀, kò sí àyè fún mi títí apá kejì fi jáde ní ọjọ́ 22. Nígbà yẹn ọ̀rọ̀ ti di ti ìjọba. Ilé aṣojú Nàìjíríà ní London, èyí tí Dalhatu Tafida jẹ́ olórí rẹ̀, fárí gá: wọ́n ní ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ sọ Nàìjíríà di ẹni ẹ̀gàn lójú ayé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ti Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, kọ ìwé ẹ̀sùn sí BBC, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ètò mìíràn tí yóò tún orúkọ Èkó tí èyí ti bà jẹ́ ṣe. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ohun tí ìjọba ń sọ nìyẹn, pé àlejò ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà dá sí i, nínú ìwé ìròyìn Guardian ti London. Tirẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ìjọba lọ. Ó ní èrò àwọn amúnisìn àtijọ́ ló wà nídìí ètò náà, èrò pé ará igbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà tó wà lára wọn. Ó ní wọ́n rẹ̀ wá sílẹ̀ nínú rẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sì yẹ BBC. Ó tún mú London fúnra rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: èèyàn lè gba àdúgbò tálákà kan lọ, kó máa sọ̀rọ̀ ìṣẹ́ àti ọ̀bẹ níbẹ̀, tàbí kó tẹ̀ lé àwọn tó ń gbé inú ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kó wá máa kan sáárá sí wọn pé wọ́n mọ bí a ṣe ń là á já. BBC ní tiwọn sọ pé ìforítì àti ọgbọ́n àwọn èèyàn tí nǹkan le fún nínú ìlú tó ń gbilẹ̀ kíákíá ni àwọn fẹ́ fi hàn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan náà gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní ṣé irọ́ ló wà nínú rẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró, torí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Àkọlé ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní káàbọ̀ sí Èkó, tó wá mú àlejò lọ sí ààtàn, sí orí omi àti sí etíkun nìkan, ó ti sọ fún àlejò pé Èkó tán síbẹ̀. Àwọn tó ń wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní wo nǹkan mìíràn nípa Èkó láyé wọn. Ká ní orúkọ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ṣe àkọlé, ìdajì ẹjọ́ yìí ì bá má sí.

Ìyìn náà tún wà níbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ta mí lára nínú ohùn tó ń ṣàlàyé náà, torí kò sí èébú nínú rẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo rántí ìdáhùn àǹtí mi ló yé mi. Tí a bá yin ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán ṣa abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́, tí a yìn ín títí, ìyìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ tí kò ní. Ẹni tó ń wò á sùn dáadáa. Á ní, ẹ wo bí inú wọn ṣe dùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà kúrò lára àwọn tó ń bínú nígbà náà nìyí. Wọ́n ní kí BBC padà wá fi Èkó kejì hàn, Èkó àwọn ilé gíga, Ìkòyí, Lẹ́kí, Victoria Island. Èkó kejì dà? Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo yanrìn. Àwọn ọkùnrin kan wà lórí ọ̀sà Èkó tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn onígi ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ omi, pẹ̀lú garawa. Omi náà ṣú, kò sí ohun tí ojú lè rí nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilẹ̀. Èémí kan, garawa kan. Wọn á gbé e gòkè, wọn á dà á sínú ọkọ̀, wọn á tún mí, wọn á padà. Bí ọkọ̀ bá ti kún dé ibi tí omi kù díẹ̀ kó wọ̀ ọ́, wọn á ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, wọn á fi afẹ́fẹ́ wọ́ ọ dé èbúté. Yanrìn yẹn ló ń di búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù sì ni ilé. Àwọn ilé tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n wá yà, ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni púpọ̀ nínú wọn ti gòkè wá, garawa kọ̀ọ̀kan, lórí orí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lára ilé náà.

Gẹdú tó ń léfòó bọ̀ láti apá Oǹdó, tí wọ́n so pọ̀ bí ẹní, tí àwọn tó ń tù ú ń sùn lé lórí, òun ni ilẹ̀kùn àti òrùlé wa. Ẹja yíyan Màkókò, kò sí ọjà tí kò dé. Ilẹ̀ ńkọ́? LAWMA, àjọ ìjọba tó ń kó ilẹ̀ ìlú, ní Èkó ń pèsè nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀: ti Ìkòyí, ti Àjẹgúnlẹ̀, ti ilé aṣòfin, ti ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo Èkó, bóyá Olúsosùn nìkan ni ibi tí olówó àti tálákà ti pàdé láìsí géètì láàárín wọn. Èkó kan ṣoṣo ló wà. Ètò BBC gé e sí méjì, ó mú apá kan. Ìwé ẹ̀sùn wa náà gé e sí méjì, ó ní kí wọ́n mú apá kejì. Àwọn tó ń ṣa irin lórí ààtàn sì wà láàárín ẹjọ́ náà bí nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò lójú ọ̀nà kí àlejò tó wọlé. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà nígbà yẹn, mi ò rí ibi tí ìjọba ti sọ pé àwọn náà, ọmọ Èkó ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún Èkó.

Àwa náà ò mọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ síta. Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí, WNTV, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, a sì ń fi yangàn títí dòní pé àwa la kọ́kọ́ ní in nílẹ̀ adúláwọ̀. Ó dáa, kí la fi ṣe? Nínú gbogbo eré tí mo wò ní kékeré, mégádì ni Hausa. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọmọ Àgàtú. Bí Ègùn bá dé, ẹ̀rín ti dé nìyẹn: wọn á yí i lédè lẹ́nu po, ojú rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni pé ó ti orí omi sọnù wá sílùú. Mi ò rántí eré kan ṣoṣo tí Ègùn ti jẹ́ dókítà tàbí adájọ́. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í sì í tán nígbà tí eré bá tán. Nínú eré The Village Headmaster tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, Ibidun Allison ṣe obìnrin kan tó ń jẹ́ Amebo, tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Lónìí, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àmébò, kò sì mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan nínú eré ni. Bí tẹlifíṣàn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá pe èèyàn, ó lè má bọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Torí náà, nígbà tí a ń pariwo pé wọn ò bọ̀wọ̀ fún ará Màkókò, mo ń bi ara mi pé nígbà wo làwa bọ̀wọ̀ fún un kẹ́yìn. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, òwe wa nìyẹn. Àwa onílé ńkọ́, tí à ń gba orí Third Mainland kọjá lójoojúmọ́, tí èéfín Màkókò ń wọ ọkọ̀ wa?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ò pẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìwé dé Màkókò láti ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó: wákàtí 72 ni wọ́n fún wọn láti kó kúrò lórí omi. Nínú àwọn ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ní ilé wọn ń dọ̀tí àyíká, ó léwu fún ààbò, ó sì ń tàbùkù ipò Èkó gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá. Ní ọjọ́ 16, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé òpó ilé lulẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wó gbé ẹrù àti ọmọ sínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Wọn ò dáwọ́ dúró títí ìbọn ọlọ́pàá fi pa ọ̀kan nínú àwọn baálẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, òkun ru sókè ní Kúrámò, ó gbé èèyàn lọ, ìjọba sì kó gbogbo àwọn tó kù kúrò létíkun. Ní ọdún méjì ó lé díẹ̀, méjì nínú àdúgbò mẹ́ta tí wọ́n fi hàn ní London ti rí ìparun, ọ̀kan díẹ̀, ọ̀kan pátápátá. Mi ò sọ pé fíìmù ló fà á. Ọ̀rọ̀ inú ìwé Màkókò yẹn ni mo ń wò: ipò Èkó gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá. Ọ̀rọ̀ orúkọ Èkó náà ni, tí wọ́n ti kọ sí BBC lọ́dún 2010. Lọ́tẹ̀ yìí, ayùn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Olúsosùn ṣì wà níbẹ̀. Iná jó o ní oṣù Kẹta ọdún 2018, èéfín bo Ọjọ́ta, ọkọ̀ jóná, wọ́n tì í fúngbà díẹ̀, wọ́n tún ṣí i.

Ọdún tó kọjá ni mo fi fóònù mi han ìyá kan tó ń ra ike ní òpópónà kejì sí ilé wa ní Kétu. Ìyá Oníke là ń pè é. Abẹ́ igi kan ló gbé òṣùwọ̀n kọ́ sí, àpò báákò tí ike kún inú rẹ̀ ga jù ú lọ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń ti ààtàn bọ̀ ló ń ta fún un, òun náà á ta fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ ní Ìkòròdú. Mo kí i, mo ní, "Ẹ wo Olúsosùn níbí, mà, òyìnbó ló yà á." Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gba fóònù. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó mọ ẹni méjì nínú rẹ̀, ó dárúkọ wọn. Ọ̀kan ti kú.

"Ọkọ̀ tó ń da ilẹ̀ yìí," ó ní, "ṣé wọ́n bá a padà dé ilé tó ti kó o wá?"

Mo ní mi ò rí i nínú rẹ̀, mà.

"Hẹn." Ó dá fóònù padà fún mi. Ó jókòó sórí kéèsì bíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ike sọ́tọ̀, ó sì ń sọ ibi tí wọ́n ti wá bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Èyí, hòtẹ́ẹ̀lì ni. Èyí, ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Èyí, ṣé ẹ rí i, omi tí wọ́n ti òkè òkun gbé wá ni, kò sẹ́ni tó ń mu ún ládùúgbò yìí. Ó fi ọ̀bẹ kékeré já ìdérí, ó jù ú sápá kan, ó ya bébà ara rẹ̀ dànù, ó ju ìgò sápá kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

Àfi ìgbà tó dé orí abọ́ aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú àgbà. Fọ́tò ìyá arúgbó kan wà lára rẹ̀, ó wé gèlè, wọ́n kọ ọdún tó lò láyé sísàlẹ̀. Ìyá Oníke gbé abọ́ náà lé itan. Ó rọra fi èékánná ṣí etí fọ́tò náà, ó fi itọ́ díẹ̀ rin ín, ó ń bó o díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí odindi. Ẹ̀yìn rẹ̀, lára igi tó gbé òṣùwọ̀n kọ́, ni mo ti wá rí àwọn yòókù tó fi ìṣó kàn mọ́ ọn, bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin, ìyàwó àti ọkọ.

"Wọ́n á lọ ike lúbúlúbú ní Ìkòròdú," ó ní. "Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n lọ ojú èèyàn mọ́ ọn."

Ó fi ìyá arúgbó náà síbi tí àyè ti kù lára igi, ó ju abọ́ sínú àwọn ike. Ọmọ kan ti dúró tì wá pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò méjìdínlógún.